Kẹ̀kẹ́ oníná wo ló dára fún ìrìn-àjò sí ibi iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Máìlì 6 ni ibi iṣẹ́ mi, òkè wà lọ́nà, àjà kẹta ni mo ń gbé. Bátìrì wo ló tó?

Ìdáhùn 1: Bátìrì 36V (fóltì) lọ́nà 10Ah (ampia-wákàtí) jẹ́ 360Wh (wáàtì-wákàtí), ìyẹn iye iná tó lè gbà. Máìlì kan lè jẹ 20Wh, òkè á jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òtútù tún ń dín agbára bátìrì kù, torí náà ẹ wá 400Wh, kí bátìrì náà ṣeé yọ. Ta ló fẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ gun àtẹ̀gùn!

Ìdáhùn 2: Mọ́tò 250W (wáàtì), kó má tì yín mọ́ tí eré bá ti kọjá máìlì 15.5 ní wákàtí kan. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, alùpùpù ni lójú òfin: láísẹ́ńsì àti ìnṣọ́ránsì dé nìyẹn.

Ìdáhùn 3: Láti ìparí oṣù kẹta 2025, kẹ̀kẹ́ oníná tó ṣeé ká nìkan ni TfL, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà ní Lọ́ńdọ̀nù, ń gbà nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́lẹ̀. Ṣájà tó bá a wá ni kẹ́ ẹ lò. Ṣájà tí kò bá a mu lè mú kó gbiná.