Ìrù bàálù mi ń wálẹ̀, kí ni kí n ṣe?
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará mi. Mò ń to bàálù kékeré onírìmóòtù kan, onígi balsa, mo ti lẹ gbogbo ẹ̀ pọ̀ tán, ó kù kí n gbé e fò. Àmọ́ tí mo bá fi ìka méjì gbé e lábẹ́ apá níbi tí ìwé ẹ̀ sọ pé ó yẹ kó ti dúró gbọọrọ, ìyẹn 60 mm sẹ́yìn etí iwájú apá, ńṣe ni ìrù ẹ̀ á rọra máa wálẹ̀, imú á dojú kọ òkè. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an torí bàálù tí ìrù ẹ̀ wúwo kì í gbọ́ràn lókè.

Mo ti ti bátìrì síwájú títí, kò sáyè mọ́. Mo fi téèpù lẹ owó ẹyọ mọ́ imú ẹ̀ wò, ìgbà tó tó 30 gíráàmù ló tó dúró gbọọrọ, bẹ́ẹ̀ gbogbo bàálù ọ̀hún ò ju 700 gíráàmù lọ, mi ò sì fẹ́ kó wúwo. Mo tún rò ó pé kí n tú servo méjèèjì, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó ń darí ìrù, tó wà nídìí ìrù, kí n gbé wọn wá sábẹ́ apá, àmọ́ màá gé igi tí mo fi ọjọ́ mẹ́ta fi sáńpépà ha.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ṣé kí n kàn fi òjé sí imú ẹ̀ ni àbí kí n gbé servo síwájú? Ẹ má bínú pó gùn, ẹ ṣeun gan-an o.