RAM 8GB, sọ́fúwià 32-bit: ẹ wá gbọ́ tèmi

Onísítúdíò, Ìbàdàn:
Ọdún 2010 ni mo ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan ní Computer Village, Ìkẹjà. RAM rẹ̀, ìyẹn ibi ìrántí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́, tó 8GB! Orí mi wú. Ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi nígbà náà, bí ohùn bá sì ti pé ogún, ẹ̀rọ mi àtijọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹ.

Àṣé 32-bit, irú àtijọ́ tó ṣáájú 64-bit, ni sọ́fúwià tí mo fi ń gbohùn sílẹ̀. Ètò 32-bit kò lè lo ibi ìrántí tó ju 4GB lọ, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn lórí Windows kì í tilẹ̀ rí ju 2GB. Bí ẹni kọ́ ilé yàrá mẹ́jọ tí wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ méjì péré.

Ohun tó bí mi nínú ni pé chip 64-bit kì í ṣe ọmọ àná. Iléeṣẹ́ AMD ti gbé chip Opteron jáde láti oṣù kẹrin 2003, Athlon 64 tẹ̀lé e ní oṣù kẹsàn-án. Windows XP ti 64-bit dé ní 2005. Mo kọ̀wé sí àwọn tó ṣe sọ́fúwià pé kí wọ́n ṣe ti 64-bit, wọ́n ní àwọn ń bá a bọ̀. Nígbà tó dé lóòótọ́, àwọn plugin, ìyẹn ètò kékeré tí à ń so mọ́ ọn, ò bá a dé, 32-bit ni wọ́n ṣì wà. Ẹni tó kọ èyí tí mo fẹ́ràn jù ti pa á tì. Mo fi ètò kan sáàárín wọn bí ògbufọ̀, òun náà á kàn dákú ní agogo méjì òru, akọrin méjìdínlógún á máa wò mí lójú.

Oní-business centre, Abẹ́òkúta:
Tiyín tiẹ̀ sàn, ẹ̀gbọ́n. Ìgbà tí mo gbé Windows 64-bit sórí ẹ̀rọ tèmi, pírintà yarí. Windows yẹn kì í gba driver 32-bit, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá pírintà sọ̀rọ̀, àwọn tó ṣe pírintà ò sì kọ tuntun. Ìńkì rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kún o! Ọ̀sẹ̀ tí èsì WAEC jáde ni, àwọn ọmọ ti tò síta. Mo padà sí 32-bit kíá, mo gbà kí ó máa rí 3GB àti díẹ̀ nínú 4GB mi.

Ìyá Èlùbọ́, Peckham:
Ẹ má rò pé ó ti tán. Nítorí bátìrì ni mo ṣe ra laptop Windows oní-chip ARM ní 2024, irú chip tó yàtọ̀ sí x86 ti Intel àti AMD. Bátìrì dára, mi ò ní parọ́. Windows máa ń túmọ̀ àwọn ètò x86 fún un, ó sì ń gbìyànjú, àmọ́ kì í túmọ̀ driver. Bí ẹ̀rọ tí mo fi ń tẹ sítíkà ọ̀rá èlùbọ́ ṣe di òkú igi nìyẹn. Mo pe àwọn tó ṣe é, wọ́n ní kí n lọ lo kọ̀ǹpútà mìíràn. Ògbólógbòó laptop ọmọ mi ni mo fi ń tẹ sítíkà báyìí. Tuntun wà lórí tábìlì, fíìmù la fi ń wò.