Ṣé kí n fi ẹ́ńjìnnì Subaru sínú Ìjàpá bàbá mi?

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Volkswagen Ìjàpá ọdún 1977 ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n tò pọ̀ ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó. Mo ti tún bọ́dì rẹ̀ kùn, mo sì ti pààrọ̀ àga inú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì 1600 rẹ̀ ló ń kó mi lọ́kàn sókè: tó bá ti ń gun òkè, èéfín á bo ẹ̀yìn, òórùn ọ́ìlì á sì gba inú ọkọ̀ kan.

Mẹkáníìkì mi ní ká ra ẹ́ńjìnnì Subaru 2.2 tòkúnbọ̀ ní ọjà Ládìpọ̀. Písítìnì mẹ́rin tó dùbúlẹ̀ dojú kọra ni tòun náà, àmọ́ omi ló ń tù ú, atẹ́gùn ló ń tu ti Ìjàpá. Ibo ni kí n wá gbé rédíétọ̀ tó máa tu omi náà sí? Ó fẹ́ gé abẹ́ búùtù iwájú, ọkàn mi ò gbà á rárá. Ibẹ̀ ni bàbá mi máa ń kó iṣu sí tá a bá ń bọ̀ láti abúlé. Ṣé jíà àtijọ́ yìí á lè gba agbára tó ju ìlọ́po méjì lọ? Bíréèkì ńkọ́, nígbà tó jẹ́ díróòmù ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?

Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Àbí kí n kúkú tún 1600 náà ṣe?