Kí ni mo lè fi ṣàlàyé RSA?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Lọ́jọ́bọ̀ ni mo máa dúró níwájú kíláàsì wa ní Yaba, láti sọ̀rọ̀ lórí RSA, ìyẹn ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń sọ ọ̀rọ̀ di àṣírí, tí Rivest, Shamir àti Adleman gbé jáde ní 1977. Ìṣẹ́jú 10 péré! Mo dán an wò fún ẹ̀gbọ́n mi lálẹ́ àná; kí n tó dé 3 × 11 = 33, àpẹẹrẹ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣe kọ́kọ́rọ́ RSA, ó ti ń tẹ fóònù. Mo fẹ́ fi ẹnà bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹnà sọ̀rọ̀ ti mọ bí wọ́n ṣe ń tú u nìyẹn. Ti RSA, gbogbo ayé ló lè ní kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń tì í. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní èyí tó ń ṣí i. Kóló sún mọ́ ọn díẹ̀, ṣùgbọ́n fífọ́ ni wọ́n ń fọ́ kóló. Ẹ jọ̀ọ́, àpẹẹrẹ wo lẹ rò pé ó máa bá a mu?