Òkè Rainier lọ́la o, ẹ gbà mí!

Ọmọ Bẹ́ẹ̀rẹ̀ (Tacoma): Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹnu mi ti kó bá mi. Níbi iṣẹ́, wọ́n ń sọ pé àwọn fẹ́ gun Òkè Rainier, òkè oníyìnyín tó wà ní ìpínlẹ̀ Washington níbí, dé Camp Muir, ibùdó àwọn agunkè, kí wọ́n wá fi síkì, pákó méjì tí wọ́n ń dè mọ́sẹ̀ láti yọ̀ lórí yìnyín, sọ̀ kalẹ̀. Nínú Júláì yìí o! Ọ̀gá mi ní ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí oṣù kankan ò tíì kọjá kóun má ṣe síkì. Ó wò mí, ó ní ṣé ẹ̀rù ò ní bà mí. Ni mo bá fọwọ́ sọ̀yà: "Èmi ọmọ Òkè Bẹ́ẹ̀rẹ̀ n'Ìbàdàn? Orí òkè ni wọ́n bí mi sí!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Aago mẹ́rin ìdájí ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ wá gbé mi. Ìsinsìnyí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kà nípa ẹ̀: láti Paradise tó wà ní ẹsẹ̀ bàtà 5,400 títí dé 10,188, kò sí àga tó ń fani gòkè, ẹsẹ̀ ara ẹni ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo gun snowboard, pákó ẹlẹ́yọ kan tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín, láyé mi, níbi tí àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà ti ń kọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n wọ̀? Bó bá sì rẹ̀ mí ní ìdajì ọ̀nà ńkọ́?

Ìyá Ìbejì (Denver): Ọmọ mi, fi ti aṣọ sílẹ̀ ná. Ojú ẹ ni kó o tọ́jú. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, èmi àti bàbá wọn gun St. Mary's Glacier, pápá yìnyín kan lókè Idaho Springs níbí, nínú Júùnù. Òfúrufú ṣú, awò dúdú mi ń ṣe kùrukùru, mo bá gbé e sórí gèlè, àní fìlà onírun. A gun òkè, a sọ̀, a yọ̀, a jẹ ìrẹsì nínú ọkọ̀, a délé. Nígbà tó di aago mọ́kànlá alẹ́, ó dà bíi pé ẹnìkan po ata rodo pọ̀ mọ́ iyanrìn sí mi lójú méjèèjì. Mi ò lè la ojú. Mo rò pé ayé ni! Pásítọ̀ ni mo kọ́kọ́ pè kí n tó pe dókítà. Dókítà ní oòrùn ló jó ẹyinjú mi bó ṣe ń jó awọ ara. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ń fọwọ́ fà mí lọ ilé ìwẹ̀. Owó tí mo san níbẹ̀, màlúù kan ni.

Bọ̀dá Láńdọ̀nù: Màámi, ẹ má bínú o, oòrùn wo ló wà nígbà tí òfúrufú ṣú? Ẹ wò ó dáadáa, bóyá ọwọ́ ata ìrẹsì yẹn lẹ fi nu ojú.

Ìyá Ìbejì (Denver): Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ojú mi ni tàbí tìẹ?

Àdúkẹ́ (Innsbruck): Bọ̀dá, òótọ́ ni Màámi ń sọ. Ìtànṣán tó ń jóni yẹn, kùrukùru fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ò dá a dúró. Bẹ́ẹ̀ bí ó bá balẹ̀ lórí yìnyín tuntun, ó lè dá tó ìdá 80 nínú 100 ẹ̀ padà sókè sí ẹ lójú. Bó o sì ṣe ń gòkè ní mítà 1,000 kọ̀ọ̀kan ló ń fi bí ìdá mẹ́wàá nínú 100 le sí i. Kì í dunni lójú ẹsẹ̀, wákàtí bíi mẹ́fà sí méjìlá lẹ́yìn náà ló máa ń dé. Ìdí nìyẹn tí Màámi fi rò pé ayé ni.

Bọ̀dá Láńdọ̀nù: Awọ dúdú tí Ọlọ́run fún wa ńkọ́?

Àdúkẹ́ (Innsbruck): Ṣé ẹyinjú yín náà ní awọ dúdú?

Bọ̀dá Láńdọ̀nù: Mo ti gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n Portland: Èmi ò tiẹ̀ gbà pé awò yẹn ni àṣìṣe tó tóbi jù. Aago mélòó lẹ gbéra, Màámi?

Ìyá Ìbejì (Denver): A gbéra ní bíi mọ́kànlá àárọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì la kọ́kọ́ lọ.

Ẹ̀gbọ́n Portland: Ẹ ò rí nǹkan! Yìnyín ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ní àsìkò tiẹ̀. Láàárọ̀ kùtù, ó le bíi síméntì. Bó o bá ṣubú, o di ẹrù tó ń yọ̀ lọ. Lọ́sàn-án, ó di ògì, ẹsẹ̀ á rì dé orúnkún. Àárín méjèèjì ló ti máa ń yọ́ díẹ̀ lókè, tó máa ṣẹ́ wẹ́wẹ́ bíi gààrí. Orí gààrí yẹn ló dùn. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ gun Rainier, mo sáré ju àwọn tá a jọ lọ, mo dé òkè ní aago mẹ́jọ, ìwàǹwára ò jẹ́ kí n dúró kó rọ̀. Mo fi ìdí sọ̀ kalẹ̀ bíi mítà igba. Ṣòkòtò mi ya, ìyàwó mi rí ìyókù.

Ọmọ Ẹ̀gbá (Boston): Gààrí wo? Lẹ́bú ni tàbí ti Ìjẹ̀bú?

Ẹ̀gbọ́n Portland: Ti Ìjẹ̀bú, ta ló ń bá lẹ́bú ṣeré!

Ìyá Ìbejì (Denver): Ẹni tó bá lọ ṣọ́ọ̀ṣì kó tó gòkè ò jẹ̀bi o. Awò yẹn náà ni.

Ọmọ Bẹ́ẹ̀rẹ̀ (Tacoma): Ẹ jọ̀ọ́, aṣọ ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n Portland: Má wọ òwú mọ́ra, òógùn á tutù sí ẹ lára. Bó bá rẹ̀ ẹ́, dúró níbi tó o dé, kó o dúró de àwọn yòókù. Má dá nìkan sọ̀, pàápàá bí kùrukùru bá bò. Bó o bá kọjú sísàlẹ̀ lórí Muir Snowfield, pápá yìnyín tẹ́ ẹ máa gbà, Nisqually Glacier, odò yìnyín ńlá, ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ, Paradise Glacier lọ́wọ́ òsì. Ihò tó wà níbẹ̀ lè gbé dánfó mì. Gba àpò búlúù lọ́wọ́ àwọn aláàbò ọgbà ìjọba tí òkè náà wà pẹ̀lú.

Ọmọ Bẹ́ẹ̀rẹ̀ (Tacoma): Kí ni wọ́n ń kó sínú ẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Portland: Ohun tó o jẹ lánàá. Wàá gbé e sọ̀ kalẹ̀ padà.

Bọ̀dá Láńdọ̀nù: Yéè! Kí n rìn wákàtí márùn-ún lórí yìnyín, kí n tún ru ìgbẹ́ ara mi wálé? Ẹ kú owó.

Àdúkẹ́ (Innsbruck): Ìyà ni gbogbo yín ń fowó rà. Lọ́dọ̀ wa ní Austria níbí, Hintertux, ibi ìṣeré síkì, ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 365 lọ́dún, ọkọ̀ tó ń rìn lórí wáyà á gbé ẹ dé orí yìnyín, wàá mu kọfí.

Ẹ̀gbọ́n Portland: Àwa náà ní Timberline, ibi ìṣeré síkì lórí Òkè Hood ní Oregon. Àga ń gbé wa dé ẹsẹ̀ bàtà 8,540 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí àga gbé, ó gun òkè ni?

Ọmọ Ẹ̀gbá (Boston): Ẹ sọ́ra o. Lọ́dọ̀ wa, Tuckerman Ravine, àfonífojì yìnyín lórí Òkè Washington ní New Hampshire, kò sí àga. Ẹsẹ̀ ni, bíi ti Olúmọ.

Ìyá Ìbejì (Denver): Olúmọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ agbéniròkè sí? Àna mi, ẹ sinmi. Ẹ wá gun Láyípo, ilé gogoro wa lórí Òkè Àrẹ̀ n'Ìbàdàn, kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá (Boston): Láyípo nìyẹn, àkàsọ̀ lásán. Ṣé òkè ni?

Ẹ̀gbọ́n Portland: Ẹ fi Ẹ̀gbá sílẹ̀, ìyàwó Ìbàdàn ló ń bọ́ ọ. Ọmọ Bẹ́ẹ̀rẹ̀, fọkàn balẹ̀. Ẹni tó ru garawa omi gun Òkè Bẹ́ẹ̀rẹ̀ lákùkọ ìdájí kó tó lọ sílé ìwé, tí omi ò dà, kí ni snowboard fẹ́ fi ṣe é?

Ọmọ Bẹ́ẹ̀rẹ̀ (Tacoma): Ẹ̀gbọ́n, omi tiwa máa ń dà. Ìyá àgbà á ní ìdajì ni mo gbé wá, ìdajì ni n ó fi wẹ̀.

Alhaji Mọ́kọ́lá (ó wà nílé): Ẹ kú àárọ̀ o, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán. Òjò ń rọ̀ láti òru. Páànù gbogbo àdúgbò ń dún. Ìyá alákàrà ti gbé agbada kaná lábẹ́ ìbòrí ẹ̀, mo ń gbọ́ òórùn ẹ̀ láti ojú fèrèsé.

Àdúkẹ́ (Innsbruck): Alhaji, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí wa.

Alhaji Mọ́kọ́lá: Àgbàdo náà ti dé. Tó bá fi dọ̀sán, wọ́n á máa sun ún lójú títì.

Ìyá Ìbejì (Denver): Ṣé wọ́n ṣì ń fi àgbọn sí i?

Alhaji Mọ́kọ́lá: Wọ́n ń fi sí i, ṣùgbọ́n owó àgbọn lọ́tọ̀ báyìí.

Bọ̀dá Láńdọ̀nù: Àgbàdo tí wọ́n ń tà níbí dùn bíi ṣúgà. Kì í ṣe àgbàdo, oyin ni.

Ìyá Ìbejì (Denver): Bẹ́ẹ̀ ni o jàre. Àgbàdo tí kò lè fa eyín, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?

Ọmọ Bẹ́ẹ̀rẹ̀ (Tacoma): Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mi ò sùn. Mo ti wọ ohun tí mo rí. Awò dúdú wà lójú mi nínú òkùnkùn, ìyá àwọn ọmọ ń fi mí rẹ́rìn-ín. Alhaji, ọ̀sán ti pọ́n lọ́dọ̀ yín, èló ni wọ́n ń ta àgbàdo ọ̀hún?

Alhaji Mọ́kọ́lá: Ti ẹ̀bá ọ̀nà ni tàbí ti inú ọjà?