Kóòtù kan àti súwẹ́tà kan fún ₦250,000 ní Iléṣà: ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn

Ọmọ Òkèṣà:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan níbí ní Iléṣà. Mo nílò kóòtù kan pẹ̀lú ṣòkòtò rẹ̀ tí mo lè máa wọ̀ lọ sí ìpàdé, àti súwẹ́tà kan fún àárọ̀ ọyẹ́ àti fún ọ́fíìsì tí ẹ̀rọ amúlétutù kì í sinmi nínú rẹ̀. Owó tí mo yà sọ́tọ̀ fún gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦250,000. Kóòtù tí mo rà tẹ́lẹ̀ ní ilé ìtajà kan dùn ún wò ní ọjọ́ tí mo rà á, ṣùgbọ́n kò tíì ju ẹ̀ẹ̀kejì tí ó ti ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀ dé lọ tí iwájú àyà rẹ̀ fi yọ ìléròrò, áyọ́ọ̀nù kò sì ràn án mọ́. Ṣé kí n rán òmíràn lọ́dọ̀ télọ̀ ni, ṣé kí n ra èyí tí wọ́n ti rán sílẹ̀, àbí kí n wá a nínú òkìríkà? Báwo ni mo ṣe lè dá èyí tí ó bá ara mi mu mọ̀, tí ó sì tó iye tí wọ́n pè é?

Ìyá Aránṣọ:

Àbúrò, o kú oríire iṣẹ́ tuntun. Ohun tí ó ṣe kóòtù rẹ kò ṣòro láti mọ̀. Láàrin aṣọ òde àti aṣọ inú kóòtù, ìpele kẹta kan wà tí ojú kì í rí, òun ni ó ń mú kí àyà dúró dáadáa. Níbi tí wọ́n bá ti fara balẹ̀ ṣiṣẹ́, kánfáàsì ni wọ́n ń fi síbẹ̀, èyí tí wọ́n fi òwú àti irun ẹran hun, tí wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ so mọ́ aṣọ òde láìfún un pa, kí ó lè máa bá ara ẹni yí. Níbi tí wọ́n bá ti fẹ́ kí iṣẹ́ yá, stéè ológọ́ọ̀mù, ìyẹn aṣọ atẹ́nú tí gọ́ọ̀mù wà lára rẹ̀, ni wọ́n ń lò: wọn yóò tẹ́ ẹ sí abẹ́ aṣọ, wọn yóò sì fi ooru áyọ́ọ̀nù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Gọ́ọ̀mù kì í ṣe ohun búburú fúnra rẹ̀, nítorí èyí tí ó dára, tí wọ́n sì fún ní ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tí ó tó, lè lo ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n bí stéè kò bá dára, tàbí tí wọ́n bá fi ìkánjú lẹ̀ ẹ́, fífọ̀ àti lílọ̀ yóò ṣí i níbì kan, yóò sì fi ibòmíràn sílẹ̀, ibẹ̀ ni ìléròrò ti ń jáde. Kò sí télọ̀ tí ó lè tún un ṣe bí kò bá tú gbogbo iwájú kóòtù náà palẹ̀.

Bí o bá dé ìsọ̀, fi ìka méjì mú aṣọ òde ní àyà kóòtù, fi ìka méjì ọwọ́ kejì mú aṣọ inú rẹ̀, kí o sì rọra fà wọ́n kúrò lára ara wọn. Bí o bá mọ ìpele kan tí ó ń dá rìn láàrin wọn, kánfáàsì wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé aṣọ òde le gbagidi tí ohunkóhun kò sì rìn láàrin, gọ́ọ̀mù ni. Tún ṣe bẹ́ẹ̀ nísàlẹ̀ bọ́tìnnì tí ó kẹ́yìn, nítorí àwọn kan ń fi kánfáàsì sí èjìká àti àyà nìkan, tí wọ́n sì ń fi gọ́ọ̀mù sí ìsàlẹ̀. Irú aláàbọ̀ yìí gan-an ni mo gbà ọ́ níyànjú pé kí o rán, nítorí àyà ni ìléròrò ti ń ba ojú kóòtù jẹ́ jù, owó rẹ sì lè ká a.

Ní ti bí ó ṣe ń bá ara mu, èjìká ni kí o kọ́kọ́ wò. Ojú ìrán apá gbọ́dọ̀ dúró níbi tí egungun èjìká rẹ parí sí. Bí ó bá kọjá ibẹ̀, apá yóò ní kòtò lábẹ́ páàdì. Bí kò bá dé ibẹ̀, apá yóò máa fún ọ. Lẹ́yìn náà, wo ẹ̀yìn ọrùn nínú dígí méjì: kọ́là kóòtù gbọ́dọ̀ jókòó ti kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì láìsí àlàfo, kódà nígbà tí o bá na ọwọ́ síwájú. Bí nǹkan méjì yìí kò bá tọ̀nà, fi kóòtù náà sílẹ̀, nítorí títún wọn ṣe lè gbà tó owó tí o fi rà á. Inú ìgbáròkó tí ó fẹ̀ jù, apá tí ó gùn jù, ìdí àti ẹsẹ̀ ṣòkòtò, ìwọ̀nyí jẹ́ ohun tí a lè dín kù ní ọjọ́ kan.

Aláṣọ Atákúnmọ̀sà:

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Ìyá Aránṣọ, àmọ́ aṣọ fúnra rẹ̀ ló yẹ kí ó ṣáájú ìrán. Ọmọ òṣómàáló ni mí. Aṣọ ni bàbá bàbá mi ń kiri láti ìlú dé ìlú, tí ó ń tà á ní àwìn, tí ó sì ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ẹni tí ó jẹ ẹ́ lówó títí onítọ̀hún yóò fi san án. Ẹni tí yóò bá ta aṣọ ní àwìn kò lè ta èyí tí yóò gbó kí gbèsè tó tán.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mọ̀ pé aṣọ tí gbogbo wa ń pè ní kaṣmíà lọ́jà, tí a fi ń rán sẹ́nétọ̀ àti kaftan, kì í ṣe irun ewúrẹ́ kaṣmíà tí wọ́n fi ń hun súwẹ́tà olówó gọbọi. Poliẹ́sítà ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó ní ìwúlò tirẹ̀, nítorí kì í tètè rún, ó sì rọrùn láti fọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe san owó irun fún un. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ «Super 120's» tí wọ́n máa ń tẹ̀ sí etí aṣọ. IWTO, àjọ àgbáyé tí ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ irun àgùntàn, ni ó so nọ́ńbà wọ̀nyí mọ́ bí fọ́nrán irun ṣe tín-ín-rín tó. Fọ́nrán Super 100's kò gbọdọ̀ nípọn ju máíkírọ́ọ̀nù 18.75 lọ, ti Super 120's kò sì gbọdọ̀ ju 17.75 lọ; máíkírọ́ọ̀nù kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà. Nọ́ńbà náà kò sọ bí aṣọ yóò ṣe pẹ́ tó. Kódà, bí irun bá ṣe ń tín-ín-rín sí i ni ó ń tètè gbó ní ìdí ṣòkòtò àti ní ìgúnpá. Fún olùkọ́ tí yóò máa jókòó, tí yóò máa dìde, tí yóò sì máa gun ọ̀kadà nígbà mìíràn, Super 100's tàbí 110's tó. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ẹnikẹ́ni lè tẹ nọ́ńbà sí etí poliẹ́sítà.

Nítorí náà, ẹ bẹ ẹni tí ó ń tà á kí ó fa òwú kan yọ láti etí aṣọ, kí ẹ sì ṣáná sí i. Irun àgùntàn ń jó lọ́ra, ó ń rùn bí irun orí tí iná mú, eérú rẹ̀ sì ń fọ́ lábẹ́ ìka. Poliẹ́sítà ń yọ́, ó ń ká jọ, ó sì ń di kókó líle tí ìka kò lè fọ́. Bí ẹ bá rí méjèèjì, àdàlù ni. Àdàlù tí irun pọ̀ ju poliẹ́sítà lọ kò burú rárá fún ẹni tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, bí wọ́n bá ti pè é ní àdàlù tí wọ́n sì ta á ní iye àdàlù. Lẹ́yìn náà, ẹ di aṣọ náà mú sínú ìkúùkù fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ jù ú sílẹ̀. Ìrúnpọ̀ yẹ kí ó máa lọ lójú yín. Ẹ gbé e sí ojú ìmọ́lẹ̀. Nínú ooru tiwa, èyí tí wọ́n hun ní òwú kan lókè, òwú kan nísàlẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ ń yọ díẹ̀díẹ̀ láàrin rẹ̀, ni atẹ́gùn lè gbà kọjá. Èyí tí gígùn mítà kan rẹ̀ wúwo tó gíráàmù 240 sí 280 ni mo máa ń fún àwọn oníbàárà mi. Yáàdì mẹ́ta ààbọ̀ aṣọ oní-ínṣì 60 máa ń tó ọkùnrin tí kò ga jù tí kò sì sanra jù.

Ẹ̀gbọ́n Ìrójò:

Kò tíì sí ẹni tí ó fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ súwẹ́tà, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni mo rò pé àbúrò ti lè rí èrè owó rẹ̀ jù. Kí ó wá súwẹ́tà nínú òkìríkà, kí ó sì kó owó tí ó kù lé kóòtù. Súwẹ́tà irun àgùntàn tí ẹnì kan ti wọ̀ rí nílẹ̀ òtútù sàn ju súwẹ́tà àkírílíìkì (òwú àtọwọ́dá) tuntun tí yóò di kókó-kókó lára kí ọyẹ́ tó parí.

Kọ́kọ́ ka lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Lẹ́yìn náà, yí inú rẹ̀ síta kí o wo ibi tí apá ti pàdé ara, láti abíyá lọ sókè. Bí o bá rí àmì kéékèèké tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn lẹ́bàá ojú ìrán, tí ojú híhun sì ń dín kù díẹ̀díẹ̀ lọ sí èjìká, a jẹ́ pé wọ́n hun abala kọ̀ọ̀kan ní ìrísí ara ènìyàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ojú ìrán irú èyí máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ó bá jẹ́ etí tí wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé, tí wọ́n sì fi máṣìnnì wíìfù kí ó má baà tú, lára aṣọ híhun gbọọrọ ni wọ́n ti gé e. Ó ṣeé wọ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré. Na ẹnu ọwọ́ rẹ̀ kí o jù ú sílẹ̀. Bí kò bá padà, ó ti kú. Gbé ìgúnpá rẹ̀ sí oòrùn kí o wá ihò kòkòrò. Bí ó bá ti ki, tí ojú híhun kò sì hàn mọ́, wọ́n ti fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, má rà á.

Mú èyí tí ó fẹ́lẹ́, kí ó lè wọ abẹ́ kóòtù. Ọyẹ́ Iléṣà lè mú ní àárọ̀ kùtùkùtù, ṣùgbọ́n oòrùn ọ̀sán yóò bá ọ nínú súwẹ́tà tí ó nípọn. Kí ó dé egungun ọrùn ọwọ́, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bo bẹ́líìtì, kí ó má sì lẹ̀ mọ́ ikùn.

Ọmọ Òkèṣà:

Ọlọ́run yóò san án fún yín. Mo ní ìbéèrè méjì sí i. Mo rí kóòtù òkìríkà kan tí kánfáàsì wà ní àyà rẹ̀, èjìká rẹ̀ bá mi mu gan-an, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ gùn díẹ̀, ìgbáròkó rẹ̀ sì fẹ̀. Kò ní ṣòkòtò. Ìkejì ni pé télọ̀ tí mo mọ̀ sọ pé òun kì í dán aṣọ wọ̀ ẹni, pé bí òun bá ti wọn ènìyàn lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ó rí?

Ìyá Aránṣọ:

Kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Téèpù ń sọ bí àyà rẹ ṣe fẹ̀ tó, kò sọ bí o ṣe ń dúró. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni èjìká wọn ọ̀tún rẹlẹ̀ ju ti òsì, àwọn mìíràn ń tẹ̀ síwájú nítorí ìwé kíkà, téèpù kò rí gbogbo ìyẹn. Bẹ̀ ẹ́ kí ó fi òwú funfun tákì kóòtù náà, ìyẹn ni pé kí ó rán an fẹ́rẹ́ lọ́nà tí ó ṣeé tú, kí ó tó rán an pa, kí o wọ̀ ọ́, kí o sì ti bọ́tìnnì rẹ̀. Bí ìrúnpọ̀ bá fa láti bọ́tìnnì lọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó fún. Bí o bá ju ọwọ́ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ tí apá sì ń rún yípo, wọ́n so apá náà síwájú jù tàbí sẹ́yìn jù, kí wọ́n tú u kí wọ́n yí i. Bí kò bá gbà láti ṣe èyí, lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ní ti kóòtù òkìríkà, ìgbáròkó rẹ̀ ṣeé dín ní ìwọ̀n ínṣì méjì. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àpò méjèèjì yóò sún sẹ́yìn. Wo ihò bọ́tìnnì ẹnu apá: bí wọn kò bá tíì la ihò náà, a lè gé apá láti ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti là á, láti èjìká ni a ó ti tú u, iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Má sì rò pé o máa rí aṣọ tí yóò bá a dọ́gba fún ṣòkòtò. Wọ ṣòkòtò àwọ̀ mìíràn sí i.

Akọ̀wé Àgbà:

Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo fẹ́ fi kún un. Ẹ béèrè aṣọ inú. Poliẹ́sítà ni wọ́n sábà máa ń fi sí i, ó sì ń há ooru mọ́ ẹ̀yìn. Ẹ ní kí wọ́n fi fískọ́ọ̀sì, aṣọ tí wọ́n fi igi ṣe òwú rẹ̀, sí i, kí wọ́n sì fi ìdajì ẹ̀yìn sílẹ̀ láìfi nǹkan kan bò ó. Mo ti ń wọ irú rẹ̀ láti ìgbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mi ò lè padà sí èkejì láéláé.

Alágbàfọ̀:

Kóòtù irun kò fẹ́ fífọ̀ lójoojúmọ́. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn eruku rẹ̀, ẹ fi kọ́ sórí háńgà tí èjìká rẹ̀ fẹ̀, kí ẹ sì fún un ní ọjọ́ kan láti sinmi kí ẹ tó tún wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ lọ̀ ọ́, ẹ fi aṣọ tútù tẹ́ sí abẹ́ áyọ́ọ̀nù, kí ó má baà máa dán ní ìdí. Súwẹ́tà, omi tútù àti ọṣẹ tí kò le ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Ẹ má fún un. Ẹ ká a mọ́ inú táwẹ́ẹ̀lì kí ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ wá tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja lábẹ́ ibòòji. Bí ẹ bá sá a sórí okùn, omi inú rẹ̀ yóò fà á gùn.

Ọmọ Òkèṣà:

Mo padà lọ wo kóòtù òkìríkà náà. Wọ́n ti la ihò bọ́tìnnì apá rẹ̀, ìgbáròkó rẹ̀ sì fẹ̀ ju ohun tí ínṣì méjì lè tún ṣe lọ, nítorí náà mo fi sílẹ̀. Mo ra àdàlù aláwọ̀ búlúù dúdú, a sì ṣáná sí òwú rẹ̀ níṣojú ẹni tí ó tà á. Télọ̀ mìíràn ti gbà láti tákì rẹ̀ kí ó tó rán an pa, kánfáàsì yóò sì wà ní àyà. Owó súwẹ́tà wà nílẹ̀. Mo fẹ́ lọ dán kóòtù wọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

Ìyá Aránṣọ:

O ṣeun, ọmọ dáadáa. Ṣẹ́ẹ̀tì àti bàtà tí o máa fi wọ̀ ọ́ gan-an ni kí o wọ̀ lọ dán an wò, kí ó lè mọ ibi tí ẹsẹ̀ ṣòkòtò yóò dúró sí, kí ẹnu ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì sì yọ jáde díẹ̀ nínú apá kóòtù. Bí o bá ti ra súwẹ́tà kí ọjọ́ náà tó pé, mú òun náà dání, kí o sì wọ̀ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀.