Báwo ni ẹ ṣe ń mọ̀ pé òfin ìjọba lórí gáàsì iléeṣẹ́ ti yí padà?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ yìí, mo kí yín. Oṣù mẹ́fà sẹ́yìn ni wọ́n fi ìwé ààbò gáàsì iléeṣẹ́ wa sí ìkáwọ́ mi. Irin ni a ń gé tí a sì ń jó pọ̀, nítorí náà a ń lo ọ́síjìn, asẹtilíìnì àti ágọ́ọ̀nù inú sílíńdà. A ní táǹkì náítírójìn olómi kan lẹ́yìn ilé, a sì ní ẹ̀rọ amúǹkantutù ńlá méjì tí gáàsì tiwọn wà nínú wọn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, olùbẹ̀wò kan wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba, ó sì ní kí n mú ìwé àlàyé ààbò asẹtilíìnì wá. Ara mi balẹ̀ nígbà tí mo ń gbé e fún un, nítorí pé èmi fúnra mi ni mo to gbogbo ìwé náà sínú fáìlì. Ó wo ọjọ́ tó wà lókè rẹ̀, ó wá bi mí bóyá mo mọ̀ pé wọ́n ti tún òfin tí wọ́n tẹ̀ lé kọ ọ́ ṣe. N kò mọ̀. Kò bu owó ìtanràn lé wa, ọjọ́ mélòó kan ló fún wa láti wá ìwé tuntun, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mi ò ti fojú ba oorun dáadáa, nítorí bí èyí bá lè kọjá lójú mi, ta ló mọ ohun mìíràn tó ti kọjá?

Ọ̀nà wo ni ẹ̀yin ń gbà tí àtúnṣe òfin kì í fi í bá yín lójijì? Mo ti gbìyànjú láti máa ka ìròyìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì láràárọ̀, àmọ́ èyí tó kàn mí nínú rẹ̀ kò tó nǹkan, ó sì ń gba àkókò iṣẹ́ mi.

Ìdáhùn kìíní, láti ọ̀dọ̀ alábòójútó ààbò iléeṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì ṣeun tí ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ jáwọ́ nínú lílé ìròyìn kiri. Ohun tó wà nílé yín ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ dájú, nítorí òfin gáàsì kì í ṣe òfin kan ṣoṣo, ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ àjọ ló ti ń wá, gáàsì tí ẹ ní ló sì máa sọ àjọ tí ẹ óò máa tẹ́tí sí.

Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ orúkọ gáàsì kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà UN rẹ̀ (nọ́ńbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ń dá ẹrù eléwu kọ̀ọ̀kan mọ̀), irú ewu tó wà lára rẹ̀, ohun tí ẹ ń fi í ṣe, àti iye tó pọ̀ jù tó lè wà nílé yín lẹ́ẹ̀kan náà. Nọ́ńbà UN yẹn ṣe kókó. Orúkọ lè yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ oníṣòwò kan sí èkejì, nọ́ńbà kì í yàtọ̀. Asẹtilíìnì inú sílíńdà ni UN 1001, ágọ́ọ̀nù tí wọ́n fún pọ̀ sì ni UN 1006. Ọ́síjìn inú sílíńdà jẹ́ UN 1072, àmọ́ bí wọ́n bá mú un tutù títí tó fi di olómi, ó di UN 1073. Bákan náà ni náítírójìn: inú sílíńdà ó jẹ́ UN 1066, inú táǹkì yín ó jẹ́ UN 1977. Gáàsì kan náà lè ní nọ́ńbà méjì, ohun tí òfin sì ń béèrè lórí ọ̀kan lè má jẹ́ ohun tó ń béèrè lórí èkejì.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ óò wá mọ òfin tó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọ́n bá ń gbé lójú pópó wà lábẹ́ òfin ìrìnnà ẹrù eléwu. Èyí tí òṣìṣẹ́ ń lò wà lábẹ́ òfin ibi iṣẹ́ àti ti àkọlé kẹ́míkà. Èyí tó lè ba afẹ́fẹ́ ayé jẹ́ wà lábẹ́ òfin àyíká. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń fi ọ́síjìn tọ́jú aláìsàn, òfin oògùn ti wọ̀ ọ́ nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ́síjìn náà ni ẹ̀yin fi ń gé irin.

Ní ti ìwé tí olùbẹ̀wò náà dá padà, ìlànà àgbáyé tí a ń pè ní GHS, tó ń sọ bí a ṣe ń pín kẹ́míkà sí ìsọ̀rí ewu tí a sì ń kọ àkọlé rẹ̀, ni orísun rẹ̀. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tẹ ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde ní 2003, wọ́n sì ń tún un ṣe ní ọdún méjì-méjì, tó fi jẹ́ pé àtúnṣe kẹwàá ló jáde ní 2023. Síbẹ̀, GHS kì í ṣe òfin níbikíbi títí ìjọba ibẹ̀ yóò fi sọ ọ́ di òfin, ìjọba kọ̀ọ̀kan ló sì ń yan àtúnṣe tí yóò tẹ̀ lé. Nígbà tí OSHA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ààbò òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, tún òfin tirẹ̀ ṣe ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, àtúnṣe keje ni wọ́n gbé e kà ní pàtàkì, bẹ́ẹ̀ kẹwàá ti wà nílẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe wá èyí tó jẹ́ tuntun jù lágbàáyé. Èyí tí òfin tó de yín dárúkọ ni kí ẹ wá. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni ìwé asẹtilíìnì yín ti kùnà, nítorí àtúnṣe keje pín ìsọ̀rí kìíní àwọn gáàsì tó ń gbiná sí 1A àti 1B, 1A sì ni asẹtilíìnì bọ́ sí, pẹ̀lú àfikún pé ó jẹ́ gáàsì tó lè bú gbàù láìsí afẹ́fẹ́ rárá. Bí ìwé yín bá kàn sọ pé ìsọ̀rí kìíní, tí kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti pẹ́ nílẹ̀.

Ìdáhùn kejì, láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣètò ìrìnnà gáàsì

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lókè, mo sì fẹ́ fi ti kàlẹ́ńdà kún un. Púpọ̀ nínú òfin wọ̀nyí kì í yí padà nígbàkígbà tó bá wù wọ́n, wọ́n ní àkókò tí gbogbo ayé mọ̀. Ìwé ìlànà ìrìnnà ẹrù eléwu tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń tẹ̀ ń ní àtúnṣe ní ọdún méjì-méjì, àwọn tó kù sì ń tẹ̀ lé e. ADR, tó wà fún ojú pópó ní Yúróòpù àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tó fọwọ́ sí i, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀dà 2025 ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún náà, ó sì fàyè gba ẹ̀dà àtijọ́ títí di ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹfà. Ti ojú omi, ìyẹn IMDG, ẹni tó bá fẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í lo àtúnṣe 42-24 láti ìbẹ̀rẹ̀ 2025, àmọ́ ó di dandan fún gbogbo ènìyàn ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026. Ìwé IATA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú lágbàáyé, ń yí padà lọ́dọọdún.

Ẹ rí i pé ọjọ́ mẹ́ta ló wà lára àtúnṣe kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ tí wọ́n kéde rẹ̀, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, àti ọjọ́ tí àyè àtijọ́ parí. Ọjọ́ kẹta yìí ni mo máa ń fi yíǹkì pupa kọ, nítorí òun ni olùbẹ̀wò yóò dì mú, òun náà sì ni ìròyìn kì í sábà mẹ́nu bà.

Ẹ wo èjìká sílíńdà yín pẹ̀lú. Ọjọ́ ìdánwò wà lára irin náà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Nínú ìlànà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá ni wọ́n ń dán sílíńdà ọ́síjìn àti náítírójìn wò, ti amóníà àti kiloríìnì sì jẹ́ ọdún márùn-ún, ṣùgbọ́n ìjọba kan lè ní iye ọdún tirẹ̀. Bí ọjọ́ náà bá ti kọjá, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rọ gáàsì sínú sílíńdà náà mọ́ títí wọn yóò fi dán an wò.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwé náà lónìí. Nǹkan méjì ṣì ń dà mí láàmú. Àwọn tó ń kó gáàsì wá fún wa sọ pé kí n má ṣe dààmú, pé àwọn yóò sọ fún wa bí ohunkóhun bá yí padà. Èkejì ni pé àwọ̀ sílíńdà ni àwọn òṣìṣẹ́ wa fi ń dá gáàsì mọ̀. Ṣé òfin fọwọ́ sí i?

Ìdáhùn kẹta, láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì

Ẹ̀gbẹ́ àwọn tó ń tà ni mo wà, n óò sì sọ òótọ́ fún yín. Àkọlé tó péye àti ìwé àlàyé ààbò tó bá òfin mu jẹ́ ẹ̀tọ́ yín lọ́wọ́ wa. Àmọ́ a kò mọ iye sílíńdà tó wà nílé yín, a kò mọ ibi tí ẹ tò wọ́n sí, a kò sì mọ ẹni tí ẹ kọ́ ní iṣẹ́ àti ẹni tí ẹ kò tíì kọ́. Gbogbo èyí wà lọ́rùn ẹ̀yin, bí a bá tilẹ̀ ń kọ lẹ́tà sí yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Àwọ̀ kò ṣeé gbára lé. Ní Yúróòpù, ìlànà EN 1089-3 ní kí èjìká sílíńdà ọ́síjìn jẹ́ funfun, ṣùgbọ́n kò sí òfin tó fi àwọ̀ kan de sílíńdà gáàsì iléeṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, oníṣòwò kọ̀ọ̀kan ló ń kun tirẹ̀. Àkọlé ni kí wọ́n máa kà. Sílíńdà tí àkọlé rẹ̀ bá ti ṣí kúrò, kí wọ́n má lò ó, kí wọ́n dá a padà fún wa, àwọ̀ tó wù kó ní.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un tí àwọn tó ṣáájú kò mẹ́nu bà: nígbà mìíràn òfin kò yí padà rárá, ẹ̀yin ni ẹ yí padà. Lábẹ́ òfin Seveso III ti Yúróòpù, iléeṣẹ́ tí asẹtilíìnì rẹ̀ bá tó tọ́ọ̀nù 5 ti wọ ìpele kìíní àwọn ibi tí ìjàǹbá ńlá ti lè ṣẹlẹ̀, tó bá sì di 50 ó ti wọ ìpele kejì. Ti ọ́síjìn jẹ́ 200 àti 2,000. Iléeṣẹ́ tó ń gé irin kì í sábà dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní ààlà tirẹ̀ tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ibi ìkópamọ́, iléeṣẹ́ tó bá sì ra táǹkì kejì lè kọjá ààlà náà lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé. Kí ẹ máa wo òpó "iye tó pọ̀ jù" nínú ìwé yín kí ẹ tó fọwọ́ sí ríra ohunkóhun.

Ẹ̀rọ amúǹkantutù yín ni mo rò pé ó yẹ kó kó àníyàn bá yín jù, nítorí òfin ibẹ̀ ló ń yára yí jù lọ. Àdéhùn Montreal ti 1987 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nítorí ìpele ozone tó wà lókè ọ̀run, èyí tó ń dáàbò bo ayé lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn tó léwu. Àtúnṣe Kigali ti 2016, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2019, wá mú àwọn gáàsì HFC, tí wọ́n ń lò nínú ẹ̀rọ amúǹkantutù, wọ inú rẹ̀, pé kí àwọn orílẹ̀-èdè máa dín wọn kù díẹ̀díẹ̀. Yúróòpù tún òfin tirẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, nọ́ńbà rẹ̀ ni 2024/573, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta 2024. Níbẹ̀, kì í ṣe ìwọ̀n gáàsì nìkan ló ń pinnu bóyá wọ́n gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀rọ wò fún jíjò, bí kò ṣe agbára gáàsì náà láti mú ayé gbóná. Ààlà náà jẹ́ ohun tó bá tọ́ọ̀nù 5 kábọ́ọ̀nù dàióksáìdì dọ́gba. Níwọ̀n bí wọ́n ti ń ka kílò kan R-134a, ọ̀kan lára àwọn gáàsì HFC náà, sí kílò 1,430 kábọ́ọ̀nù dàióksáìdì, kílò mẹ́ta àbọ̀ rẹ̀ ti tó ààlà. Ẹ lọ ka àwo irin tó wà lára ẹ̀rọ méjèèjì, kí ẹ kọ orúkọ gáàsì àti ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú.

Ìdáhùn kìíní, lẹ́ẹ̀kan sí i

Ẹ jọ̀ọ́, bí ìwé àlàyé ààbò tuntun bá dé, ẹ má ṣe ya ti àtijọ́. Ẹ mú un kúrò níbi tí òṣìṣẹ́ ti lè ṣì í lò, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ yọ ọ́ sí i lára, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, tàbí tí àìsàn òṣìṣẹ́ kan di ọ̀ràn lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ìwé tó wà lógiri lọ́jọ́ tó ń ṣiṣẹ́ nídìí gáàsì náà ni wọn yóò béèrè lọ́wọ́ yín.